Ọwọ́ Lounis Kò Kúrò Lára Ṣọ́ọ̀kù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé èèyàn sẹ́yìn alùpùpù. Ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

1.

Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni Lounis, ní ìlú Azazga, ní agbègbè olókè. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé àwọn ìyàwó tuntun máa ń ti ìlú Tizi Ouzou wá ra ẹ̀gbà ọrùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Djouher, ìyàwó rẹ̀, ló ń rán aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n ń wọ̀ mọ́ ọn.

Lọ́dún tó kọjá, Lounis ra alùpùpù ńlá kan, àlòkù. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti jẹ kuskus ọ̀sán tán, òun àti Djouher á tẹ̀ lé Mokrane ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun òkè lọ sí igbó Yakouren. Kọ́nà lórí kọ́nà ni ọ̀nà ibẹ̀. Bí Djouher bá ti wà lẹ́yìn, alùpùpù náà kì í fẹ́ tẹ̀ sí kọ́nà. Á máa mì, á sì máa sún lọ sí apá kejì títì.

Lọ́jọ́ kan, Mokrane yíjú padà lórí alùpùpù tirẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Lounis! Ìyá mi gan-an á kọjá rẹ ní kọ́nà yìí, lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Lounis wọ egungun.

2.

Ó gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ Bàbá Akli, àgbà mẹkáníìkì. Bàbá ní kí ó jókòó lé e, ó fi téèpù wọn bí ìdí rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó. Ó ní kí Djouher náà gùn ún, ó tún wọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀yin méjèèjì wúwo ju ohun tí sípírìngì yìí ń retí lọ. Ìdí wọlẹ̀ jù, iwájú wá gbé sókè. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ yà."

Ó fi sípánà yí òrùka tó di sípírìngì mú, ẹ̀ẹ̀mejì péré, kí sípírìngì lè le sí i. Ó wá nàka sí súkúrù kékeré méjì lára ṣọ́ọ̀kù.

"Tòkè ń ká ṣọ́ọ̀kù lọ́wọ́ kò bó bá ń wọlẹ̀. Tìsàlẹ̀ ń ká a lọ́wọ́ kò bó bá ń padà sókè. Má fọwọ́ kàn wọ́n. Gùn ún lọ́sẹ̀ kan, kí o wá sọ ohun tó ṣe fún mi. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mi. Kí o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé."

Ẹ̀yin ará, ó gbọ́ lóòótọ́.

3.

Kò ní sùúrù ọjọ́ mẹ́ta. Alùpùpù ti dára sí i, àmọ́ ó ṣì ń mì díẹ̀. Mokrane ní, "De súkúrù yẹn sí i!" Ọkùnrin kan nínú fídíò orí fóònù ní kí wọ́n tú u. Lounis mú ẹyọ owó dínárì kan, ó fi yí súkúrù òkè. Ó gùn ún, ó dára. Ó yí tìsàlẹ̀, ó tún dára. Ó gba ọ̀nà kan náà padà, ó burú. Ó dín atẹ́gùn táyà kù. Kọ́nà ọ̀tún wá dára, tòsì ń gbọ̀n.

Ó ní kí òun kúkú dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Báwo ló ṣe wà? Ṣé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lòun yí i ni, àbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà? Ṣé ọ̀tún lòun yí i sí, àbí òsì? Orí rẹ̀ dàrú pátápátá.

Djouher bá a níbi tó kúnlẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù.

"Lounis, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mò ń kà ni."

"Kí lò ń kà?"

Lounis tún nawọ́ sí súkúrù.

"Gbé e padà fún Bàbá Akli, jọ̀ọ́."

"Kí n lọ sọ fún wọn pé kí ni? Pé èmi, tí mò ń na fàdákà títí á fi fẹ́lẹ́ bí irun, mi ò lè yí súkúrù?"

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Akli fúnra rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Báwo ló ṣe ń rìn?"

"Ó ń rìn dáadáa, Bàbá."

Irọ́ ni.

4.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Djouher de akoto mọ́rí. "Ṣé ó ti dára?"

"Ó ti dára. Gùn."

Nínú igbó Yakouren, kọ́nà òsì kan wà tí àwọn ọ̀bọ máa ń jókòó sí lórí ògiri kúkúrú. Gbòǹgbò igi ti mú kí títì ibẹ̀ wú léraléra. Alùpùpù gun ibi àkọ́kọ́ tó wú, ìdí rẹ̀ wọlẹ̀, kò padà sókè. Ó gun ìkejì, ó tún wọlẹ̀ sí i. Ó dà bí ẹni tó kúnlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́.

"Lounis, yà! Yà!"

Ó ń yí i, kò yà. Wọ́n bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ògiri ni wọ́n lọ kọlù.

Ní ti Lounis, orúnkún nìkan ló bó. Djouher kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún. Dókítà ní ọrùn ọwọ́ ti rún, iṣan sì ti já. Oṣù mẹ́sàn-án nìyí. Ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Kò lè mú abẹ́rẹ́.

5.

Lounis mú Bàbá Akli lọ wo òkú alùpùpù náà.

"Bàbá, èwo nínú wọn ló ṣe é? Ẹ ṣáà sọ fún mi."

Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀?"

"Súkúrù ìsàlẹ̀ le jù, ó lè jẹ́ òun. Atẹ́gùn táyà kéré jù, ó lè jẹ́ òun. Ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo lo yí ni, ǹ bá nàka sí i. O ti pò ó pọ̀, ọmọ mi. Ta ló máa yà á sọ́tọ̀?"

Lounis jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Djouher kò bú u. Ìbéèrè kan ló bi í: "Nígbà tí o ní ó ti dára, ṣé o mọ̀ ni, àbí o kàn ń retí pé kó dára?"



Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra o! Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú, ẹ má fi ìgbéraga rú u pọ̀ sí i. Ẹ yí ohun kan, ẹ dán an wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun alùpùpù lẹ́yìn yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.