Katakata tí Gbóyèga Gùn Ṣáájú Ẹni tó Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìlà mẹ́ta péré kí ẹ tó fi ìtàn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù pẹ̀lú eléyìí. Ẹ kà á tán pátápátá. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ kan wà tí ẹ ó pè lẹ́yìn rẹ̀.

1.

Gbóyèga Ọ̀ṣúndáre ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Marshalltown, ní Johannesburg. Lọ́jọ́ kan, ó lọ ra òdòdó ní oko kan lẹ́yìn ìlú, ó sì rí katakata kékeré kan lábẹ́ igi. Irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ọgbà ni, kò ga ju àyà èèyàn lọ, ó sì ní apá irin méjì níwájú tó gbé garawa ìkóyẹ̀pẹ̀ dání. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Irin rẹ̀ ti dípẹtà, ẹyẹ sì ti yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Gbóyèga bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn ọ́ìlì àtijọ́ àti koríko gbígbẹ, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó rántí oko ìjọba tó wà nítòsí Iléṣà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ akọ̀wé, tí bàbá Àkànjí sì ń wa katakata. Ó rántí bí òun àti Àkànjí ṣe máa ń sáré tẹ̀ lé e nínú eruku pupa, tí wọ́n á máa kọrin títí ohùn wọn á fi há.

Àkànjí náà wà ní Johannesburg. Wẹ́dà tó ń jó irin ni, ní àdúgbò Berea. Gbóyèga pè é lójú ẹsẹ̀.

"Àkànjí! Mo ti rí ọmọ katakata bàbá yín!"

"Ṣé o ti mutí ni?"

"Ṣáà wá wò ó!"

2.

Gbóyèga ra katakata náà, wọ́n sì gbé e wá sílé rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é, ní gbogbo Sátidé, nínú àgbàlá Gbóyèga. Táksì méjì ni Àkànjí ń wọ̀ wá. Òun ló tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, òun ló jó apá irin tó ti là, òun náà ló wá páìpù fún ọ́ìlì tó ń gbé apá náà sókè. Gbóyèga ń ha ìpẹtà, ó ń kun ọ̀dà, ó sì ń se ẹ̀wà. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń sọ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ẹnjiníà, ṣé ìwọ lo kun ibí yìí ni, àbí ewúrẹ́ ló lá a?"

"Jó irin tìẹ, jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ tí Gbóyèga béèrè ohun tó fẹ́ gbà, Àkànjí mi orí.

"Mi ò gba nǹkan kan. Ṣé o rántí àṣà oko? Bí wọ́n bá tún katakata ṣe, ẹnikẹ́ni kì í gùn ún àfi bí ẹni tó tún un ṣe bá ti wà á yí pápá ká. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gùn ún. Kí o yà mí ní fọ́tò, kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé. Bàbá mi wa katakata fún ogún ọdún, a ò ní fọ́tò ẹ̀ kan ṣoṣo lórí ẹ̀."

"Ìyẹn ò le. Tìẹ ni."

3.

Ní Sátidé kan, katakata náà jí. Ohùn rẹ̀ pàápàá jọ ti àtijọ́. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra.

"Má tíì gùn ún o," ni Àkànjí wí. "Ó ku àpótí irin tí mo fẹ́ da kọnkéré sí, tí a ó so mọ́ ẹ̀yìn. Láìsí i, bí garawa bá gbé ẹrù, iwájú á wúwo ju ẹ̀yìn lọ, ìdí ẹ̀ á sì fò. Ó di Sátidé tó ń bọ̀."

"Shap," ni Gbóyèga fèsì, bí àwọn ará Johannesburg ṣe ń sọ pé ó dáa.

Kí Àkànjí tó dé Berea, Gbóyèga ti gbé fọ́tò katakata sórí ìkànnì ìjọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ: "Oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo ṣe é!" Ìyìn ya wọlé. Ẹnjiníà tòótọ́! Ọwọ́ ẹ ò ní rọ! A ń bọ̀ wá gbàdúrà sí i lẹ́yìn ìsìn ọ̀la!

Roseline ìyàwó rẹ̀ kà á. "Bàbá Níyì, Àkànjí dà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Wọn ò béèrè ẹni tó jó irin."

"Ìwọ náà ò sì sọ."

Ó yẹ kó pe Àkànjí. Kò pè é. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ò béèrè pé kí ló dé? Bí Àkànjí bá wá, gbogbo èèyàn á rí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ gan-an.

4.

Èèyàn bí ogójì pé sí àgbàlá náà pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó ta òróró sí i. Gbóyèga kàn fẹ́ jókòó lórí rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ dùn.

"Wà á! Wà á!"

Ó wà á.

"Jẹ́ ká rí i kó gbé nǹkan!"

Ó ki garawa bọ òkìtì yẹ̀pẹ̀, ó bù ú kún, ó sì gbé e dé òkè pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Níyì, ó tó!" ni Roseline kígbe.

Táyà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀. Katakata ré síwájú, ó dojú bolẹ̀ lórí òkúta ọgbà. Gbóyèga fò ṣubú, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Apá irin lọ́, ẹ́ńjìnnì sì là. Ọ́ìlì ń ṣàn wọnú koríko.

5.

Wọn ò tíì di ẹsẹ̀ rẹ̀ tán ní ọsibítù tí fídíò tí àwọn èrò yà fi dé Berea. Lọ́jọ́ kejì, Àkànjí wá bá Gbóyèga nílé. Ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ ti katakata, ó fi ìka tọ ojú ibi tó là.

"A ó tún un ṣe," ni Gbóyèga wí. "Jọ̀ọ́."

"Ó là dénú. Wọn ò sì ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí mọ́. Ó ti tán."

"Dárí jì mí. Èèṣì ni."

"Ìṣubú lèèṣì. Ogójì èèyàn ló wà níbí lánàá, Gbóyèga, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó mọ̀ pé mo wà láyé. Ṣé ìyẹn náà, èèṣì ni?"

Àkànjí kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó dágbére fún Roseline, ó lọ. Láti ìgbà náà, Sátidé ti pa rọ́rọ́ nínú àgbàlá yẹn. Gbóyèga ti pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́, ó sì kọ òmíràn tí orúkọ Àkànjí wà nínú rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló kà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àṣà oko yẹn kì í ṣe àpọ́nlé lásán. Ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe ló mọ ibi tí kò tíì sàn lára rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìyìn tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá bá ọ ṣiṣẹ́, dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, má sì dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.