Oògùn Àwọn Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùwádìí náà dúró mí lórí àtẹ̀gùn kí ó tó dé láàbù ní Agbowó. Adùnọlá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sáré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mà, ẹ̀jẹ̀ ò tó lára yín o. Ṣé ẹ ń mu omi úgú tí mo ní kí ẹ máa po mílíìkì mọ́?"

"Mò ń mu ún. Ó ti sú mi. Èsì ńkọ́?"

Adùnọlá yí kọ̀ǹpútà sí i. Sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín èèyàn ni wọ́n ń tọ́ nínú abọ́, tí wọ́n ń fún ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Oògùn náà ò pa wọ́n, mà. Àmọ́ họ́mónù tó ń sọ fún ara pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́."

"Bí èèyàn bá wá mu úgú odidi oko kan ńkọ́?"

"Á ṣì máa rẹ̀ ẹ́ ni. Àánú àwọn tó ń lò ó ṣe mí."

Áláàmù dún lórí fóònù olùwádìí náà. Adùnọlá ti ń wọ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ní oògùn wọn."

"Tiwọn kọ́."

Ó fa páálí kékeré kan yọ nínú báàgì. Orúkọ oògùn tó wà lára rẹ̀ ni Adùnọlá ti ń kọ sára àwọn abọ́ láti ọjọ́ yìí.

"Bá mi bu omi wá."