Káfíńtà Tó Fi Pákó Kan Fèrèsé Rẹ̀ Pa

Ẹ má sáré kọjá o. Ẹ kà á tán ná, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Káfíńtà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ kú lójijì. Fídíò kan ṣoṣo ló kù fún un, èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn. Ìyàwó náà ń juwọ́ nínú rẹ̀, ó ń pe ọkọ rẹ̀: "Ẹ wá o!" Ni bàbá bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó lè ra ẹ̀rọ tí á máa fi wò ó.

"Tẹlifíṣọ̀n ni kẹ́ ẹ rà, Bàbá," ọlọ́jà gbà á nímọ̀ràn. "Ẹ lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó. Pùròjẹ́tọ̀ tó ń tan àwòrán sára ògiri, òkùnkùn ló ń fẹ́. Tí oòrùn bá ti tàn sí ògiri, àwòrán ti lọ nìyẹn."

"Ṣé ìyàwó mi á ga nínú tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ga láyé?"

"Ha! Kò lè ju apá mi yìí lọ."

"Pùròjẹ́tọ̀ ni mo fẹ́."

Ó délé, ó fi pákó kan gbogbo fèrèsé pálọ̀ pa. Bó ṣe tan ẹ̀rọ náà báyìí, ìyàwó rẹ̀ dúró lára ògiri, gíga rẹ̀ gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá fa àga sún mọ́ ọn.

Bí iṣẹ́ ṣe di àpatì nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀, tó sì ń dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ọmọ rẹ̀, tó ti lóyún oṣù méje, wá kí i, ó sì ṣèèṣì gba iwájú ìmọ́lẹ̀ náà kọjá. Ojú ìyá rẹ̀ bọ́ sójú tirẹ̀.

"Yẹra! Ò ń dínà mọ́ ìyá ẹ!"

"Bàámi, èmi ni mo wà láàyè o." Ẹkún ló sun jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn kan dún: "Ẹ wá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Bàbá wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín. "Mo ń gbọ́, ìyàwó mi. Tún un sọ."

Ohùn náà tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọmọ rẹ̀ ni. Ohùn òun àti ìyá rẹ̀ jọra bí ìbejì. Inú ló ń run ún, ilé bàbá rẹ̀ ló sì sún mọ́ ọn jù, ló bá wá ń rọra kan ilẹ̀kùn, ó ń pè é. Aránṣọ kan tó wà ní òdìkejì títì ló bá a nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà là, àmọ́ oyún ti bọ́.

Bàbá ti tú gbogbo pákó náà báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gangan, ó máa ń gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn. Tó bá sáré ṣí i, kò sí ẹnìkankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ṣọ́ra o. Tẹlifíṣọ̀n ò burú, pùròjẹ́tọ̀ ò burú. Àmọ́ tí alààyè bá ń pè yín, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn kíá, kẹ́ ẹ dìde.