Ọ̀dà Búlúù Tó Wà Ní Yàrá Naheem

Medinat ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà búlúù tó dúdú bí aró, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Auntie Saadat, yàrá tí ò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ọ̀dà yìí lẹ fẹ́ fi kùn ún? Ṣé inú sàréè lẹ fẹ́ kí Naheem máa sùn ni?"

Saadat ò rẹ́rìn-ín. "Ṣáà máa kùn ún. Mi ò fẹ́ kí funfun kankan ṣẹ́ kù."

Àtìgbà tí Medinat ti ti Ìbàdàn dé sí Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ara ti ń fu ú. Naheem, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Tí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lé, ọmọ náà á sá wọ yàrá yìí, á máa tẹ́tí sí nǹkan tí Medinat ò gbọ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Naheem sá wọlé wá bá wọn.

"Mummy, wọ́n ti ń bọ̀."

Medinat gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Àwọn wo?"

Saadat sáré lọ tan iná pálọ̀, níbi tí kò sí ẹnì kankan. Ó padà wá pa iná yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí Naheem fi ń kàwé nìkan ló kù. Ògiri búlúù náà gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mì káló.

Ẹsẹ̀ ń rìn lábẹ́ fèrèsé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

Gbàà! Gíláàsì fọ́ ní pálọ̀.

Medinat fẹ́ kígbe, Saadat fi ọwọ́ tó kún fún ọ̀dà bò ó lẹ́nu.

"Àwọn ọmọ òyìnbó tí ò fẹ́ wa ládùúgbò yìí ni. Ibi tí wọ́n bá ti rí iná ni wọ́n máa ń ju òkúta sí."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Naheem, máa ka ìwé ẹ lọ."