Wáyà Ọgbà Nínú Ẹsẹ̀ Píkọ́ọ̀pù Merv

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ o. Tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ńṣe là ń wo ara wa, èmi àti ẹ́ńjìnnì, bí àjèjì méjì. Ṣùgbọ́n mo mọ Merv Tranter, mo sì mọ ohun tí wáyà ọgbà fojú ẹ̀ rí. Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ìparí ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

1.
Ní Yarrandool, ìlú Merv, kò sóhun tó bàjẹ́ tí wọn kì í fi wáyà ọgbà dè: ilẹ̀kùn, àga, títí kan eyín àtọwọ́dá bàbá Merv. Merv fúnra ẹ̀ wá ju gbogbo wọn lọ. Píkọ́ọ̀pù ẹ̀ tó ń pè ní Ìyá Àgbà ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹkáníìkì kankan ò sì fọwọ́ kàn án rí.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe Ìpàtẹ ọdọọdún, níbi tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ díje, ni táyà iwájú lápá òsì, lápá ibi tí ìyàwó ẹ̀ máa ń jókòó, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbùù-gbùù. Noelene, ìyàwó ẹ̀, ò lè jókòó, kò lè dúró. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló ti ń gbé kéèkì eléso lọ síbi Ìpàtẹ, ipò kejì ló sì ń gbà bọ̀ wálé. Obìnrin tó máa ń gba ipò kìíní wá kó lọ sétí òkun. Ọ̀nà là!

"Merv, jọ̀ọ́, jẹ́ ká ní kí Clarrie ilé kejì gbé wa."

"Clarrie kẹ̀? Kí n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ Clarrie bí àgùntàn? Bíárìn ẹsẹ̀ táyà lásán ni! Kó o tó po tíì tán, mo ti ṣe é."

2.
Tíì ti tutù láti wákàtí mẹ́ta. Clarrie, aládùúgbò wọn tó fi ogójì ọdún ṣe mẹkáníìkì, fara ti ọgbà, ó ń wò ó.

"Bíárìn wọlé dáadáa. Píìnì tó ń di nọ́ọ̀tì mú kí táyà má bàa yọ ńkọ́?"

"Ó kán. Mo ti fi wáyà rọ́pò ẹ̀."

"Wáyà ọgbà? Ṣé orí ẹ pé? Mo ní píìnì nílé, jẹ́ kí n mú un wá."

"Fi píìnì ẹ ta eyín, ọ̀rẹ́. Wáyà tó ń dá màlúù dúró, ṣé táyà ni ò ní lè dá dúró?"

"Màlúù kì í yí bíríbírí, Merv."

Merv rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Omi ojú náà ò tíì tán, ẹ̀ ń bọ̀ wá rí i.

3.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n gbéra lọ síbi Ìpàtẹ. Ọ̀nà ibẹ̀ rí gbágungbàgun bíi páànù òrùlé. Noelene gbé kéèkì lé itan, ó fi aṣọ ìnura wé e bí ọmọ tuntun.

"Merv, kí ló ń dún?"

"Ọ̀nà ni."

"Merv, ó tún ń dún."

"Ìwọ gan-an lò ń dún."

Nígbà tó yá, ariwo náà dákẹ́. "Ṣó o rí i?" ni Merv wí. Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni táyà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Noelene, ó ya wọ́n sílẹ̀, ó ń sáré wọgbó lọ. Merv bú sẹ́rìn-ín: "Òpònú wo ni táyà ẹ̀ yọ yìí?"

Kó tó pẹnu dé, Ìyá Àgbà kúnlẹ̀, ó sì yí gbirigbiri wọ kòtò.

4.
Clarrie ló bá wọn níbẹ̀. Ó ti ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ láti ilé, píìnì wà lápò ẹ̀. Èèrà ti bo kéèkì. Ó gbé wọn lọ sọ́sibítù. Ọwọ́ ọ̀tún Noelene, èyí tó fi ń ro kéèkì, kán síbi mẹ́ta, dókítà sì ní kò ní lè ro nǹkan kan mọ́.

Merv kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ń dà lójú ẹ̀. "Noelene, dárí jì mí. Màá ra tuntun."

"Ọwọ́ tuntun?"

Merv ò rí wáyà tó máa fi de ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá ọkọ̀ yín tún ṣe, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é o. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá yọ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dá padà. Tí ẹni tó mọṣẹ́ bá sì sọ̀rọ̀, ẹ gbé ẹ̀rín mì. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á yìí, kí ló di táyà tìẹ mú?