Nítorí Kí Lọ́fíńdà Saverio Lè Pẹ́ Lára

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi kà á tán, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí bàbá, ọkọ tàbí àbúrò yín tó ń fín lọ́fíńdà jáde sínú oòrùn. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e mì.

1.
Onígbàjámọ̀ ni Saverio, ní ìlú kékeré kan létí òkun Calabria, ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí igi bẹ́gámótì pọ̀ sí. Ọsàn kíkan ni bẹ́gámótì, wọn kì í bó o jẹ. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń fún, òróró rẹ̀ sì ń ta sánsán. Òun ni Saverio fi ń po lọ́fíńdà tó ń pa sọ́rùn àwọn oníbàárà tó bá ti fá irùngbọ̀n wọn tán. Ó máa ń fọ́nnu pé bí kò bá sí tòun, kò sí ọkùnrin tó lè la ooru oṣù kẹjọ já láì rùn.

Lọ́dún yìí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Àwọn ọkùnrin ìlú náà a máa fi èjìká gbé ère Màríà Mímọ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè wá sí etí òkun. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á gbé e padà. Bàbá ló ń fi ipò rẹ̀ lábẹ́ ère náà sílẹ̀ fún ọmọ, àjèjì kì í bá wọn dá sí i. Orúnkún Saverio ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá fi ipò rẹ̀ fún Nunzio, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Láti kékeré ni Nunzio ti ń retí ọjọ́ náà.

2.
Onígbàjámọ̀ míì tó ń jẹ́ Gaspare ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì, ó sì kó lọ́fíńdà Milan wá: ti ọsàn wẹ́wẹ́, ti òdòdó ọsàn, ti tanjaríìnì. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi sọ ọ́ di eré ní ìsọ̀ kọfí. Wọ́n á ká apá aṣọ sókè, wọ́n á fi ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á fi òmíràn sọ́wọ́ òsì, wọ́n á wá máa gbóòórùn ara wọn bí ajá.

"Ti ọsàn wẹ́wẹ́ yìí mú gan-an," ni Mico apẹja wí, "àmọ́ ó jọ ohun tí ìyàwó mi fi ń nu ilẹ̀."

"Ti òdòdó ọsàn ńkọ́?"

"Ìyẹn dùn o. Ṣùgbọ́n nínú ooru yìí, àfi bíi pé ìyá ìyàwó ẹni dì mọ́ni."

"Ti Ọ̀gá Saverio wá ńkọ́?"

Mico gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Òun ló dùn jù nígbà tí mo fi í. Ṣùgbọ́n kọfí mi ò tíì tutù tó ti lọ! Ọ̀gá, ṣé omi lẹ fi pa wá ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Saverio náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó yẹ kó sọ òótọ́ tó mọ̀ fún wọn, pé bí lọ́fíńdà ọsàn ṣe rí nìyẹn, kì í pẹ́. Kò sọ ọ́.

3.
Òróró tí ilé-iṣẹ́ ti yọ ohun tó ń jóni kúrò nínú rẹ̀ ni Saverio máa ń lò tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Santina ìyàwó rẹ̀ bá a níbi tó ti ń da òróró bẹ́gámótì tútù, tààrà láti oko, sínú ìgò.

"Bàbá Nunzio, èwo ni mò ń rí yìí?"

"Mo fẹ́ kó pẹ́ lára ni. Tútù yìí ki ju ti ilé-iṣẹ́ lọ."

"Òróró tútù? Kí wọ́n fi sọ́rùn, kí wọ́n wá gbé ère nínú oòrùn ọ̀sán? Ṣé ẹ ti gbàgbé bó ṣe bó ọwọ́ bàbá mi ni?"

"Díẹ̀ ni mo dà."

"Díẹ̀ náà ń jóni. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Santina, jẹ́ n gbọ́ràn! Ṣé o fẹ́ kí Gaspare fi mí ṣẹ̀sín títí màá fi kú ni?"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Iyàn jíjà ti sú u nínú ilé yẹn.

4.
Lọ́jọ́ ère, àwọn tó máa gbé e tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, Saverio sì ń pa lọ́fíńdà sí wọn lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Nunzio.

"Bàbá, ẹ tún dà á sí i. Mo fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ òórùn rẹ̀."

Saverio gbójú sókè wo oòrùn. Lẹ́yìn náà, ó dà á.

Oòrùn mú bí iná. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé ère dé etí òkun, òórùn bẹ́gámótì ṣì ń ta lára wọn. "Ọ̀gá, ẹ ti fẹ̀yìn Gaspare balẹ̀!" ni Mico ń pariwo. Ẹnu Saverio ò pa dé mọ́ fún ayọ̀.

5.
Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọrùn àwọn tó gbé ère ti pọ́n, ó ti lé ròrò. Títí dé èjìká tí lọ́fíńdà ṣàn dé, ara wọn dúdú. Ti Nunzio ló burú jù. Dókítà ní òróró bẹ́gámótì inú lọ́fíńdà náà ló pàdé oòrùn; yóò jinná, ṣùgbọ́n àpá náà máa pẹ́, igi tí wọ́n fi ń gbé ère ò sì gbọdọ̀ kan èjìká rẹ̀.

Ọjọ́ àtigbé ère padà pé, kò sí èjìká tó lè gbà á. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó tòmátì ni wọ́n gbé Màríà Mímọ́ sí. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn ìyá àgbà ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Nunzio kọjú sí bàbá rẹ̀, báńdéèjì lọ́rùn.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé oòrùn á jẹ́ kó jó wa, àbí ẹ ò mọ̀?"

Ó wu Saverio kó purọ́. Ó wo Santina, Santina ń wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀."

Nunzio ò bú u. Ó mi orí, ó tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tó dé orí òkè, ó dá ipò náà padà fún àwọn àgbà ìjọ. Ó ní òun ò fẹ́ ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ bàbá òun wá mọ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, mo bẹ̀ yín. Ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ó ń pani lára, ẹ má fi sára ọmọ yín torí kí àwọn kan lè yìn yín níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Ìyìn wọn ò pé ọ̀sẹ̀ kan. Saverio ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ Gaspare.