Owó Idẹ Tí Ìgè Fọ̀

Inú Adéyẹmọ ń ru bí iná ọmọ ọ̀rara tó já sóko. Ogún ọdún ló fi ń ṣa owó idẹ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ jọ. Èyí tó fẹ́ràn jù ní orí ọba kan lára, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì bò ó; ẹni tó mọyì rẹ̀ kì í fọ̀ ọ́. Ìgè àbúrò rẹ̀ ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ títí ojú ọba fi parẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ó dọ̀tí ni.”

“Wèrè! Ewú orí Bàbá náà ńkọ́, ṣé wàá fọ̀ ọ́ kúrò?”

Ó gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí. Ilẹ̀kùn dún gbì. Ajá wọn, tí í gbó gbogbo àlejò, rá wọ abẹ́ àga. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ gba yàrá.

“Olúwa, ṣọ́ wa,” ni Adéyẹmọ wí, ó ṣílẹ̀kùn.

Ọkùnrin gíga kan dúró sínú òkùnkùn, ó faṣọ bojú. “Ta ló fọ̀ ọ́?” Ibínú ohùn rẹ̀ sọ ti Adéyẹmọ di eré ọmọdé.

Ó ṣí aṣọ náà. Kò sí imú, kò sí ojú. Ibẹ̀ kàn ń dán gbinrin bí idẹ.

Ọwọ́ tí Adéyẹmọ fẹ́ fi gbá Ìgè létí ló nà dí ẹnu ọ̀nà.

“Èmi ni,” ni Adéyẹmọ wí.